Sítáàṣì Di Gọ́ọ̀mù: Kí Ló Dé Tí Tèmi Fi Ní Kókó?

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun máa gbé ilé tí òun fi páálí kọ́ lọ sí iléèwé lọ́jọ́ kejì. Gọ́ọ̀mù ti tán, ṣọ́ọ̀bù ti tì. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ṣebí sítáàṣì ẹ̀gẹ́ wà nílé. Mo gbé omi kaná. Nígbà tó hó, mo da sítáàṣì gbígbẹ sí i. Kíá, gbogbo ẹ̀ di kókó! Ẹni tó bá ti ro àmàlà rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ohun tó fà á nìyí. Hóró kéékèèké ni sítáàṣì. Inú hóró kọ̀ọ̀kan ni àwọn ẹ̀wọ̀n gígùn tí glucose so pọ̀ wà: amylose àti amylopectin. Nínú omi tútù, hóró yìí kì í yọ́, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ bíi ti ògì. Ṣùgbọ́n tí ooru bá tó nǹkan bíi 60 sí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi á wọ inú rẹ̀, á wú, á bẹ́, àwọn ẹ̀wọ̀n náà á sì tú jáde. Ìgbà yẹn ni omi máa ki. Tèmi, ẹ̀yìn ìṣùpọ̀ ló kọ́kọ́ jiná, ó di ògiri, omi ò ráyè wọ inú.

Bí a ṣe ń ṣe é gan-an:
1. Ẹ po ṣíbí ìjẹun 2 sítáàṣì pọ̀ mọ́ omi tútù mílílítà 200 nínú ìkòkò, títí kò fi ní sí kókó.
2. Ẹ gbé e ka iná kékeré, ẹ máa rò ó láìdáwọ́ dúró.
3. Tí funfun rẹ̀ bá parẹ́ tó sì ki, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó tutù.
4. Ẹ fi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ gbé ìwé wúwo lé e títí á fi gbẹ.

Kí ló dé tó fi ń lẹ̀? Ẹ̀wọ̀n glucose náà ni cellulose inú bébà. Bí omi ṣe ń gbẹ, àwọn méjèèjì á di ara wọn mú. Ọ̀rá ò ní cellulose, kò sì fa omi mu. Ìdí nìyẹn tí ilé àbúrò mi fi dúró digbí láàárọ̀, àmọ́ tí ọ̀rá tó fi ṣe fèrèsé já bọ́!

Ẹ ṣe ìwọ̀nba o. Oúnjẹ ni, èébu á hù sí i. Inú fíríìjì ni kó wà. Tó bá ti ń rùn, ẹ dà á nù.

Ẹ lọ dán an wò, ṣùgbọ́n omi tútù ni kó ṣáájú o!