Kòkòrò Inú Ìfun àti Oríkèé Wíwú

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ni àwọn kòkòrò inú ìfun lọ́wọ́ nínú làkúrègbé tó ń mú oríkèé wú?

Ìdáhùn: Àìmọye kòkòrò àìfojúrí ló ń gbé inú ìfun ènìyàn. Púpọ̀ nínú wọn ń ṣe ara lóore: wọ́n ń bá a da oúnjẹ, wọ́n sì ń kọ́ ẹ̀ṣọ́ ara láti mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Bí irú àti iye wọn bá dàrú, ẹ̀ṣọ́ ara lè ṣìnà, kó gbógun ti oríkèé.

Ní 2013, àwọn olùwádìí ní New York rí i pé kòkòrò Prevotella copri pọ̀ nínú ìfun àwọn tí làkúrègbé rheumatoid, irú èyí tí ẹ̀ṣọ́ ara ń gbógun ti oríkèé, ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, tí wọn kò tíì lo oògùn. Ẹnu náà kò gbẹ́yìn. Kòkòrò Porphyromonas gingivalis, tó ń ba èrìgì jẹ́, ní ẹ́ńsáìmù tó ń yí purotéènì padà. Irú purotéènì bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ ara ọ̀pọ̀ aláìsàn rheumatoid ń bá jà.

Ibi tí ọwọ́ kòkòrò inú ìfun ti hàn gbangba jù ni oríkèé wíwú tó ń tẹ̀lé ìgbẹ́ gbuuru: lẹ́yìn tí Salmonella, Shigella tàbí Campylobacter bá ti da inú rú, orúnkún tàbí ọrùn ẹsẹ̀ lè wú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Kòkòrò nìkan kọ́ ló ń fa àrùn rheumatoid; àbùdá ìdílé àti sìgá mímu wà níbẹ̀. Nítorí náà, fífọ ẹnu dáadáa àti jíjẹ ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹ̀wà dára, ṣùgbọ́n wọn kò lè rọ́pò oògùn bíi methotrexate tí dókítà bá kọ.