Funfun Tàbí Aró: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Kun Yàrá

Aláṣọ àlà kì í jókòó sísọ̀ elépo. Ẹni tó fẹ́ kun yàrá ọmọ ní funfun ni mo fi òwe yìí ránṣẹ́ sí. Ìyáalé ní funfun lòun fẹ́, baálé ní búlúù aró ló bójú mu. Kí wọ́n tó jà á tán, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ẹni tó ń sùn nínú yàrá náà àti ibi tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí.

Funfun a máa da ìmọ́lẹ̀ padà, aró a máa gbé e mì. Yàrá tí ògiri aládùúgbò ti dí lójú, tí ẹ ń tan iná sí lọ́sàn-án gangan, ẹ má fi aró kùn ún. Ṣùgbọ́n èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń ta lórí páànù ilé iwájú wọlé, funfun ibẹ̀ á máa gún yín lójú. Aró ló tu ojú lára níbẹ̀.

Ti ẹ̀fọn ńkọ́? Lára funfun, ẹ ó rí i kedere, ẹ ó sì gbá a pa. Àmì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni yóò kù lára ògiri. Lára aró, ẹ̀fọn á ríbi sá sí, eruku ọyẹ́ á sì hàn gbangba.

Ẹ má fi káàdì àwọn tó ń ta ọ̀dà pinnu. Kí ẹ tó ra rọ́bà lítà 20, ẹ ra lítà 4 kọ̀ọ̀kan, ẹ fi kun páálí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, torí ọ̀dà tútù àti èyí tó gbẹ kì í jọra. Ẹ gbé wọn ti ògiri, ẹ wò wọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti nígbà tí ẹ bá tan gílóòbù lálẹ́. Gílóòbù tó pọ́n á sọ funfun di àwọ̀ mílíìkì, á sì pa ẹwà búlúù.

Lójú tèmi o, kò sídìí tí ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ lé èkejì jáde. Ṣebí bí wọ́n ti ń kun ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa nìyẹn: ọ̀dà olóròóró tó ṣókùnkùn nísàlẹ̀, funfun lókè. Ibi tí ọwọ́ ọmọ tó jẹ àkàrà lè tó, tí bọ́ọ̀lù ń gbá, kí aró wà níbẹ̀, kí ẹ lè fi aṣọ tútù nù ún. Kí pẹ́ńtà na okùn kó tó fa ìlà tó pín wọn níyà.

Kó sì po gbogbo aró tí yàrá máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí àpòpọ̀ kejì kì í sábà bá ti àkọ́kọ́ mu. Bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kun gbogbo rẹ̀ ní funfun. Aró gorí funfun kò le. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi funfun bo aró yóò kùn ún ní àkùntúnkùn kí búlúù tó yé yọjú, owó ọ̀dà kò sì rọjú lọ́jà báyìí.