Ìkarahun Márùn-ún Lórí Tábìlì: Ta Ni Ẹbí Ta?

ÌBÉÈRÈ

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Omagba, níbí ní Onitsha. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ọkọ ló gbé mi dé ibí. Èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi ń kó ìkarahun ohun ẹlẹ́mìí inú omi jọ fún ọjọ́ àfihàn sáyẹ́ǹsì wa. Oríṣi márùn-ún ló wà lọ́wọ́ wa báyìí, aláwẹ́ méjì tó ń ṣí tó ń padé sì ni gbogbo wọn.

Àkọ́kọ́ ni ọ́ísítà tí àbúrò mi mú wá láti Badagry. Ara gbòǹgbò igi ẹ̀gbà ni wọ́n ti gé e. Èkejì le gan-an, ilà gbàgà-gbàgà wà lẹ́yìn rẹ̀; òbí akẹ́kọ̀ọ́ kan ló mú un ti Bonny wá. Ẹ̀kẹta tóbi, ó ní igun mẹ́ta, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dán. Inú Odò Nun ní Bayelsa ló ti wá. Ẹ̀kẹrin rí wúruwùru, ó lẹ̀ mọ́ òkúta. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń ti Lokoja bọ̀ ló fún wa, wọ́n sì ní ọ́ísítà Odò Ọya ni. Ẹ̀karùn-ún kéré, ó ń dán. Èmi fúnra mi ni mo ṣà á létí òkun Èkó.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí a to ti òkun sọ́tọ̀, kí a to ti odò sọ́tọ̀. Àwọn ọmọ ní tiwọn fẹ́ kí àwọn méjì tó rí wúruwùru wà lójú kan, kí àwọn tó ń dán náà wà lójú kan. Ta ló tọ̀nà? Ohun kan tún rú mi lójú: ìwé kan pe ti Odò Nun ní Egeria radiata, ìwé mìíràn pe é ní Galatea paradoxa. Ṣé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ni? Mo fi àwòrán wọn mọ́ lẹ́tà yìí.

Olùkọ́, Omagba, Onitsha

ÌDÁHÙN

Àwòrán yín hàn kedere, kò sì ṣòro fún mi láti dá márààrún mọ̀. Ìtò ẹlẹgbẹ́ yín kò tọ̀nà, ti àwọn ọmọ náà kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ ni mo fẹ́ràn jù, torí pé wọ́n wo ohun náà fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n kàn wò. Ẹ ní kí wọ́n yí gbogbo rẹ̀ padà, kí wọ́n wo inú.

Oríkèé ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, ìyẹn ibi tí awẹ́ méjèèjì ti so pọ̀. Ti Bonny yẹn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Senilia senilis, eyín wẹ́wẹ́ ló tò sí oríkèé rẹ̀ gbọọrọ. Wọ́n pọ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àmì ìdílé rẹ̀ nìyẹn, ìdílé Arcidae. Bí ẹ bá rí i láàyè, ẹ ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pupa, torí pé irú èròjà tó ń gbé atẹ́gùn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa ló wà nínú tirẹ̀ náà. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni láàárín àwọn aláwẹ́ méjì.

Ẹ wá mú ti Odò Nun. Eyín tirẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó nípọn, kò sì dọ́gba. Èyí tó yọ lára awẹ́ kan ń wọ kòtò tó wà lára ìkejì. Ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo kékeré tí ẹ ṣà létí òkun Èkó: irú eyín yẹn kan náà ni. Ẹ tún wo ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí etí inú ká. Nínú àwọn méjèèjì, ilà náà yà wọnú ní apá kan, níbi tí ẹran náà ń fa ẹnu ọ̀nà omi rẹ̀ pamọ́ sí nígbà tó bá pa ìkarahun dé. Ẹbí ni wọ́n. Donax ni ti etí òkun, Galatea ni ti odò, inú ìdílé Donacidae ni wọ́n jọ wà. Bí ẹ bá tẹ̀lé ẹlẹgbẹ́ yín, ẹ ó ti ya ọmọ ìyá nípá.

Ó ku àwọn oníwúruwùru méjì. Nínú ọ́ísítà Badagry, ẹ kò ní rí eyín kankan lóríkèé. Àpá kan ṣoṣo ni ẹ ó rí nínú ìkarahun, níbi tí iṣan tó ń fa á dé ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ti Odò Ọya náà kò léyín, ibi tó ti tan àwọn ọmọ jẹ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n àpá iṣan méjì ló ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Inú rẹ̀ sì ń kọ yànràn. Bí ẹ bá ṣe ń yí i sí oòrùn ni àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà. Inú ọ́ísítà gidi kì í dán bẹ́ẹ̀. Etheria elliptica ni orúkọ rẹ̀, kò sì bá ọ́ísítà tan ní tòsí rárá. Àlejò lè wọ aṣọ ẹbí lọ sóde ìgbéyàwó láìjẹ́ ọmọ ilé náà. Aṣọ ọ́ísítà ni Etheria wọ̀. Ibi tí omi ti ń sáré lórí òkúta ló ń gbé, bí kò bá sì lẹ̀ mọ́ òkúta, omi á gbé e lọ. Irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ ló sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di wúruwùru, tó sì pa eyín oríkèé rẹ̀ rẹ́, gẹ́gẹ́ bó ti ṣe fún ọ́ísítà lọ́tọ̀.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí ojú má tì wọ́n. Lamarck, àgbà onímọ̀ ará Faransé tó fún Etheria lórúkọ ní 1807, rò pé inú òkun ló ti wá. Ìgbà tí Frédéric Cailliaud rìnrìn àjò lọ sókè Odò Náílì ní nǹkan bí 1820 ni ó tó hàn pé inú odò ló ń gbé. Lónìí a mọ̀ pé ó wà nínú Náílì, Ọya, Volta, Kóńgò àti Sẹ̀nẹ̀gà. Ní Odò Pendjari, ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, àwọn obìnrin ń wá a fún jíjẹ àti títà.

Àwọn ẹbí Etheria gan-an ni àwọn aláwẹ́ méjì inú odò tí à ń pè ní Unionida. Ìran wọn ti wà nínú omi tí kò níyọ̀ láti ohun tó lé ní mílíọ̀nù 200 ọdún. Ìbátan kan ṣoṣo tó sún mọ́ wọn tó ṣì kù nínú òkun wà lágbègbè Ọsirélíà, Neotrigonia lorúkọ rẹ̀. Ti Galatea yàtọ̀: òkun ni ilé bàbá rẹ̀, odò ló ṣí wá. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ gan-an nìyí, torí pé ìmọ̀ ẹbí máa ń sọ ohun tí ojú kò lè rí. Galatea àgbà lè gbé inú omi tí kò níyọ̀ rárá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́ ṣì nílò omi tí iyọ̀ kàn díẹ̀ kí wọ́n tó lè dàgbà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń bá a nísàlẹ̀ odò, níbi tí omi òkun ti lè kàn án, tí àwọn ọlọ́kọ̀ Lokoja kò sì rí i mú wá. Nígbà tí wọ́n mọ ìsédò Akosombo sórí Odò Volta ní Ghana láàárín ọdún 1961 sí 1965, tí ti Kpong sì tẹ̀lé e ní 1982, omi odò ń ṣàn wálẹ̀ láìdáwọ́ dúró ní gbogbo ọdún, ó sì ti omi iyọ̀ sẹ́yìn sọ́dọ̀ òkun. Galatea náà bá a sún, títí ibi tó ti ń rí ọmọ tọ́ fi di pínníṣín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu odò ní Ada. Ẹni tó mọ̀ pé ọmọ òkun ni, kò ní yà á lẹ́nu. Etheria kò ní irú ìṣòro yẹn.

Ẹ lè bi mí bí àwọn onímọ̀ ṣe dé ibi tí wọ́n dé yìí. Díẹ̀díẹ̀ ni, àríyànjiyàn sì pọ̀. Linnaeus wo oríkèé ní 1758. Lamarck ka àpá iṣan: oníṣan kan lọ́tọ̀, oníṣan méjì lọ́tọ̀. Neumayr padà sórí eyín ní 1883. Lẹ́yìn náà ni Pelseneer tú ẹ̀yà ara tí wọ́n fi ń mí wò, èyí tí ọ̀pọ̀ wọn tún fi ń sẹ́ oúnjẹ jáde nínú omi. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn àmì yìí tó dá tó. Wọ́n ní láti fohùn ṣọ̀kan kí á tó gbà wọ́n gbọ́, lónìí a sì ń fi ẹ̀rí DNA kún un. DNA yìí náà ló fi hàn ní 2002 pé ọ́ísítà ara gbòǹgbò ẹ̀gbà tiwa wà ní Brazil pẹ̀lú, ní òdìkejì òkun Atlantic. Ìkarahun nìkan kò lè sọ ìyẹn fún wa láé, torí pé ọ́ísítà máa ń gba ìrísí ohun tó bá lẹ̀ mọ́.

Síbẹ̀, ẹ má fojú kéré ìkarahun. Nínú òkúta ẹfun Ewekoro ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn aláwẹ́ méjì wà níbẹ̀ láti bí mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òkun bo ibẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adegoke ti Ifẹ̀ ló kọ ìwé ńlá lórí wọn ní 1977. Lọ́dọ̀ tiyín níhà ìlà oòrùn, Bullen Newton ti kọ nípa ti ilẹ̀ Ameki, ní agbègbè Umuahia, láti 1922. DNA ti tán pátápátá nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀. Eyín, àpá iṣan àti ilà etí inú ni ẹ̀rí tó kù, àwọn ohun kan náà tí àwọn ọmọ yín lè fọwọ́ tọ́ lórí tábìlì.

Ní ti orúkọ méjì yẹn, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè. Òfin àwa onímọ̀ ni pé orúkọ tó ṣáájú ló ń borí. Paradoxa ti wà láti 1778, radiata dé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ Galatea paradoxa, kí ẹ sì kọ orúkọ àtijọ́ sísàlẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ wa ṣì ń lò ó. Ti ọ́ísítà rí bákan náà: Crassostrea tulipa ni ti 1819, ó borí orúkọ gasar ti 1830.

Ẹ wá tò wọ́n báyìí. Ẹ fi ọ́ísítà Badagry àti ti Bonny sí apá kan. Ọ̀tọ̀ ni ìdílé wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ńlá kan náà, Pteriomorphia, ló bí wọn. Ẹ fi ti Odò Nun àti ti etí òkun Èkó ṣe ìkejì, kí wọ́n sún mọ́ ara wọn dáadáa. Ẹ jẹ́ kí Etheria dá dúró. Bí ọmọ kan bá mú ìṣáwùrú tàbí owó ẹyọ wá, tábìlì mìíràn ni kó lọ. Ìkarahun kan ni tiwọn, ọ̀dọ̀ ìgbín ni wọ́n wà.

Mo sì ní ẹ̀bẹ̀ kan. Bí òbí yẹn bá tún ń bọ̀ láti Bonny, ẹ ní kó bá yín mú pákó ọkọ̀ àtijọ́ kan tí kòkòrò inú omi iyọ̀ ti lu jálẹ̀jálẹ̀. Ohun tó gùn bí ekòló tó ń gbé inú ihò yẹn, aláwẹ́ méjì ni: awẹ́ kékeré méjì wà lórí rẹ̀ tó fi ń gbẹ́ igi, ìdílé Teredinidae ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi ọ̀bẹ la pákó náà níwájú àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá awẹ́ méjèèjì fúnra wọn, kí ẹ sì gbé e sí apá kan náà pẹ̀lú ti Odò Nun.