Kọ́ọ̀sì Náà Gan-an Ni Kí Ẹ Béèrè

Nílé, bí ọmọ bá fẹ́ wọ yunifásítì, ohun tí òbí kọ́kọ́ máa ń wádìí ni bóyá NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Ìbéèrè rere ni, ó ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ yọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá fẹ́ kọ́ sáíkọ́lọ́jì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ìbéèrè yẹn nìkan kò tó.

Ohun tójú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí ló jẹ́ kí n kọ èyí. Kò pẹ́ tí wọ́n kó dé láti Ìbàdàn ló rí ààyè ní yunifásítì tó lórúkọ. Sáíkọ́lọ́jì àti ìmọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn ló mú pọ̀. Ó ṣe dáadáa, ó sì gboyè. Ìgbà tó ń wá ọ̀nà àtidi clinical psychologist ni wọ́n sọ fún un pé oyè rẹ̀ kò ní GBC (Graduate Basis for Chartered Membership) nínú. Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún, ó ń béèrè pé, "Ṣebí sáíkọ́lọ́jì ni wọ́n kọ sára ìwé ẹ̀rí yìí?" Òun ni wọ́n kọ lóòótọ́.

Yunifásítì ló ń fúnni lóyè. Ṣùgbọ́n British Psychological Society, BPS, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1901, ló ń pinnu bóyá kọ́ọ̀sì kan kún tó láti gba ọmọ wọ iṣẹ́ náà. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi òǹtẹ̀ lù, kì í ṣe yunifásítì lódindi. Kọ́ọ̀sì méjì lè wà ní ẹ̀ka kan náà, kí ọ̀kan ní òǹtẹ̀, kí èkejì má ní. Àwọn kọ́ọ̀sì alápapọ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò jù: nínú òmíràn, àfi kí ọmọ mú àwọn iṣẹ́ kan pàtó. Kódà níbi tí òǹtẹ̀ wà, ọmọ gbọ́dọ̀ gba 2:2 ó kéré tán, kó sì yege nínú iṣẹ́ ìwádìí tirẹ̀, kó tó lè ní GBC.

Láìsí GBC, ìlẹ̀kùn ẹ̀kọ́ dọ́kítọ́réètì ọlọ́dún mẹ́ta tó ń sọni di clinical psychologist kò ní ṣí. Láti 2009 sì ni òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ orúkọ iṣẹ́ yẹn láìforúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HCPC, àjọ tó ń ṣàkóso irú àwọn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Conversion course ọlọ́dún kan ni ọmọ wa padà lọ ṣe. Gbèsè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀gbọ́n mi.

Nílé, wọ́n lè ka ọmọ tó ń bi olùkọ́ léèrè lemọ́lemọ́ sí aláfojúdi. Níbí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kí ọmọ tó gba ààyè, kó kọ ímeèlì sí ẹ̀ka náà pé: "Ṣé kọ́ọ̀sì yìí gan-an yóò ní òǹtẹ̀ BPS lọ́dún tí mo fẹ́ wọlé? Iṣẹ́ wo ni mo gbọ́dọ̀ mú kí n lè ní GBC?" Lẹ́yìn náà, kó lọ wo orúkọ kọ́ọ̀sì náà lórí ìkànnì BPS fúnra rẹ̀. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe aṣojú yunifásítì. Bí ìdáhùn kò bá tíì wà lákọsílẹ̀, ẹ má tíì sanwó.