Ojú Ọmọ Nínú Oyún

Ẹ̀yin aboyún Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, ẹ má dúró kí ikùn yọ kí ẹ tó wá sí kílíníìkì. Ní nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún dúró, ihò tí ọpọlọ ọmọ ti ń hù yẹ kó ti pa dé. Láti ọ̀sẹ̀ 4 sí 8, awẹ́ ẹran kéékèèké 5 ń dàgbà pàdé ara wọn, wọ́n ń di ojú. Bí wọn kò bá lẹ̀ pọ̀, ètè ọmọ yóò là. Agbègbè ẹnu ni ọmọ fi kọ́kọ́ ń mọ ìfọwọ́kàn.

Ẹ lo folic acid kí oyún tó dúró. Ẹ yẹra fún ọtí, sìgá àti oògùn tí dókítà kò yàn.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ètè lílà kì í ṣe èpè. Ẹ yẹ òkè ẹnu ọmọ náà wò, kí ẹ sì darí rẹ̀ sí ọsibítù: iṣẹ́ abẹ ń tún un ṣe.