Tíìpù Lórí Ọkọ̀ Ojú Omi: Ṣe àti Má Ṣe fún Ará Lugbe

Kò sí òkun l'Ábújá. Ará Lugbe tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, bàlúù ni yóò kọ́kọ́ wọ̀. Bí ọmọ yín tó wà ní Houston bá ra tíkẹ́ẹ̀tì fún yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èbúté Galveston lẹ máa ti gbéra, torí ibẹ̀ kò jìnnà sí Houston. Yàrá, oúnjẹ, eré orí ìtàgé, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú owó tó san. Tíìpù ni kì í sábà sí níbẹ̀. Àwa sì rèé, ọwọ́ la fi ń fúnni lówó, a sì máa ń fẹ́ rí ojú ẹni tó gbà á. Lórí ọkọ̀, kọ̀ǹpútà ló ń yọ ọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú.

ṢE: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Awakọ̀ tó gbé yín láti FHA Lugbe dé pápákọ̀ òfuurufú Nnamdi Azikiwe, tó tún bá yín gbé báàgì tó wúwo bí òkúta jáde nínú búùtù, ẹ fún un ní nǹkan lé owó tí ẹ jọ dúnàádúrà. Láti ọdún 2024, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà. Ẹ rántí ìyẹn nígbà tí ẹ bá ń wá ₦200 tó ti ya nínú pọ́ọ̀sì.

MÁ ṢE: Ẹ má fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní pápákọ̀ ní kọ́bọ̀. Wọ́n á ní: "Mọ́mì, ẹ kú ìrìn o. Kí lẹ mú dání fún àwa ọmọ yín?" Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín," ẹ gba páásípọ́ọ̀tù yín, kí ẹ máa lọ. Àfikún Karùn-ún ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 kọ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba láti gba ohunkóhun lórí iṣẹ́ tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ fún un. Òfin ICPC ti ọdún 2000, tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, sì mú ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà á pọ̀. Ẹ fún ẹni tó gbé báàgì, tíìpù ni. Ẹ fún ẹni tó ń tú u wò, ẹ̀gúnjẹ ni.

ṢE: Ẹ ṣẹ́ dọ́là sí wẹ́wẹ́, ọ̀kan-ọ̀kan àti márùn-ún-márùn-ún. Dọ́là ọgọ́rùn-ún ni àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní Wuse Zone 4 sábà máa ń kà fúnni, nítorí náà ẹ ní kí ọmọ yín bá yín ṣẹ́ ẹ ní báńkì kí ẹ tó kúrò ní Houston. Alágbàrù tó ń gba ẹrù lẹ́nu ọ̀nà èbúté kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọkọ̀, kò sì sí nínú owó kankan tí ẹ ti san. Dọ́là kan tàbí méjì lórí báàgì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń fún un.

ṢE: Ẹ bi ọmọ yín kí ẹ tó wọkọ̀: "Ṣé o ti san tíìpù mọ́ ọn?" Ẹ má jẹ́ kójú tì yín. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bíi Carnival àti Royal Caribbean máa ń yọ nǹkan bíi dọ́là 16 sí 20 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ kan, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ fún àwọn yàrá olówó ńlá. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Bàbá, ìyá, ọmọ méjì, ọjọ́ méje, ní dọ́là 16: dọ́là 448 nìyẹn. Wọ́n sábà máa ń ka ọmọdé náà mọ́ ọn, ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n pé kí ni ọmọdé jẹ. Bí kò bá tíì san án, orí àkáǹtì yàrá yín ni wọ́n máa kọ ọ́ sí lójoojúmọ́, káàdì báńkì tó wà lẹ́yìn àkáǹtì náà ló máa san án. Owó yìí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, agbáwo wà níbẹ̀, àwọn tí ẹ kò ní fojú kàn, tí wọ́n ń fọ abọ́ àti aṣọ ìnura nísàlẹ̀ ọkọ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú wọn wá láti Philippines, Indonesia àti Íńdíà, wọ́n sì máa ń lo oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án lójú omi kí wọ́n tó padà rí ìdílé wọn.

MÁ ṢE: Ẹ má lọ sí káńtà pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, pé ẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín fún ẹni tó wù yín. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló máa gbà fún yín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ̀kalẹ̀ lọ wá ẹni tó ń fọ abọ́? Bí iṣẹ́ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fẹjọ́ sùn lọ́jọ́ náà gan-an kí wọ́n tún un ṣe.

MÁ ṢE: Ẹ má san án lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ra ọtí, tàbí tí wọ́n wọ́ ara fún yín, wọ́n ti fi nǹkan bí ìdá 18 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Rìsíìtì tí wọ́n máa gbé wá yóò tún ní àyè kan tó ṣófo, tó ń dúró de àfikún. Ẹ fa ìlà sí i, ẹ fọwọ́ sí ìsàlẹ̀.

MÁ ṢE: Ẹ má fún ọ̀gá awakọ̀ ní nǹkan. Ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹ bá a ya fọ́tò.

ṢE: Ẹ fún ẹni tó ń tọ́jú yàrá yín lówó lọ́wọ́, bó bá ṣe kọjá iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń gbé omi gbígbóná wá lárààárọ̀ nítorí oògùn Bàbá. Ó fi aṣọ ìnura ká ọ̀bọ sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ó gbé gíláàsì ojú Mọ́mì wọ ọ̀bọ náà. Dọ́là 10 tàbí 20 nínú àpò ìwé tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí yóò dùn mọ́ ọn. Bí owó kò bá sí, ẹ kọ orúkọ náà sínú ìbéèrè tí ilé iṣẹ́ máa fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ìrìn àjò. Ọ̀gá rẹ̀ ń kà á.

MÁ ṢE: Ẹ má lẹ owó mọ́ ẹnikẹ́ni níwájú. Nígbà tí àwọn agbáwo bá gbé kéèkì jáde, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, tí wọ́n ń kọrin ọjọ́ìbí fún Mọ́mì, ọwọ́ á máa yún yín. Ẹ jókòó. Nílé pàápàá, Abala 21 òfin Báńkì Àpapọ̀ (CBN) ti ọdún 2007 ní kí ẹni tó bá ń fọ́n náírà, tàbí tó ń jó lórí rẹ̀, lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí kó san ₦50,000 ó kéré tán, tàbí méjèèjì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan l'Ékòó rán Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ayélujára, lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí náírà tó fọ́n, láìsí àǹfààní owó ìtanràn. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní dọ́là kì í ṣe náírà. Òótọ́ ni. Àmọ́ agbáwo tó gbé àwo márùn-ún lọ́wọ́, ọwọ́ wo ló kù tó máa fi ṣa owó nílẹ̀?

ṢE: Bí ọkọ̀ bá dúró ní Cozumel, ní Mẹ́síkò, tí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ lọ wo ìlú, ẹ fún afinimọ̀nà àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní dọ́là díẹ̀. Tíìpù inú ọkọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wọn.

ṢE: Ẹ yẹ àkáǹtì yàrá yín wò kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, bóyá wọ́n kọ ọtí tí ẹ kò mu mọ́ yín lọ́rùn. Alẹ́ tó ṣíwájú ni kí ẹ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, ìlà tó wà ní káńtà máa ń gùn ju ti ilé epo lọ lọ́jọ́ tí epo wọ́n.