GBÈSÈ ÀTI ÈTÒ SÍSAN RẸ̀: Ẹ̀KỌ́ FÚN OLÓWÓ ÀTI ONÍGBÈSÈ

  

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin jàmáà mọ́sáláṣí, ọ̀rọ̀ gbèsè ni a fẹ́ bá ara wa sọ nínú ìwé ìròyìn ti ọdún yìí. Ohun tí ó mú wa yan ọ̀rọ̀ náà ni pé gbèsè ń tú ilé ká láàárín wa. Ẹni tí ó ti máa ń kírun ní sàfù àkọ́kọ́ kò yọjú sí mọ́sáláṣí mọ́, nítorí pé ẹni tí ó jẹ lówó ń kírun níbẹ̀. Òbí mú ọmọ kúrò ní ilé kéwú láìdágbére nítorí owó oṣù mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ ogún ọdún kò kí ara wọn mọ́. Bí a bá wádìí rẹ̀ wò, a óò rí i pé owó náà fúnra rẹ̀ kò tó ohun tí í dá ìjà sílẹ̀. Sísá fún olówó ni ó sọ ọ́ di ìjà. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ ni pé kí onígbèsè má sá, kí ó lọ bá olówó rẹ̀, kí wọ́n jọ ṣe ètò sísan tí agbára rẹ̀ ká.

KÍ NI GBÈSÈ?

Ní èdè Lárúbáwá, dayn ni à ń pe gbèsè. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wa kíyè sí i pé lẹ́tà mẹ́ta kan náà, dāl, yā àti nūn, ni ó bí dayn tí í ṣe gbèsè àti dīn tí í ṣe ẹ̀sìn. Ẹni tí ó bá ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀kan, kí ó ṣọ́ra nípa èkejì.

Jíjẹ gbèsè fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ànábì wa pàápàá ra ọkà báálì ní àwìn lọ́wọ́ Júù kan, ó sì fi ẹ̀wù ogun rẹ̀ dógò. Nígbà tí ó fi ayé sílẹ̀, ẹ̀wù náà ṣì wà ní ìdógò nítorí òṣùwọ̀n sáà 30. Āyà tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, èyí tí ó wà nínú Sūratul Baqarah, āyà 282, ọ̀rọ̀ gbèsè ni ó dá lé: Ọlọ́hun pa á láṣẹ níbẹ̀ pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀, kí a dá ìgbà sísan rẹ̀, kí a sì wá ẹlẹ́rìí sí i.

Ṣùgbọ́n gbèsè wúwo. Wọ́n gbé òkú kan wá sí ọ̀dọ̀ Ànábì kí ó kírun sí i lára. Ó béèrè bóyá ó jẹ gbèsè. Wọ́n ní ó jẹ dínárì mẹ́ta, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀. Ànábì ní kí àwọn sàábé lọ kírun sí arákùnrin wọn lára. Ìgbà tí Abū Qatādah gba gbèsè náà sí ọrùn ara rẹ̀ ni Ànábì tó kírun sí i. Nígbà tí Ọlọ́hun wá ṣí ọ̀nà ọrọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí, Ànábì fúnra rẹ̀ ni ó ń gba gbèsè àwọn òkú tí kò ní ohun tí a lè fi san án.

ÌTÀN ZUBAYR ÀTI ỌMỌ RẸ̀

Ìtàn yìí wà nínú Sahīh al-Bukhārī. Zubayr ọmọ Awwām jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn sàábé mẹ́wàá tí Ànábì fún ní ìró ìdùnnú Àlùjánnà. Ní ọjọ́ ogun Jamal, ní ọdún 36 lẹ́yìn Hijra, èyí tí í ṣe ọdún 656 ti àwọn òyìnbó, ó pe ọmọ rẹ̀ Abdullāh, ó sọ fún un pé nínú gbogbo ohun tí ó ń jẹ òun lọ́kàn, gbèsè òun ni ó tóbi jù. Ó ní kí ó ta dúkìá òun, kí ó fi san án.

Báwo ni irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe di onígbèsè? Àwọn ènìyàn a máa gbé owó wá pé kí ó bá wọn fi pamọ́. Òun a ní rárá, kí ó jẹ́ owó yíyá ni, nítorí pé ó ń bẹ̀rù kí ó má baà sọnù. Nínú òfin ẹ̀sìn wa, ohun tí a fi pamọ́ sí ọwọ́ ẹni, bí ó bá sọnù láìsí àìbìkítà, kò di dandan kí a san án; ṣùgbọ́n owó tí a yá, dandan ni kí a san án. Zubayr yan èyí tí ó le fún ara rẹ̀ kí owó olówó má baà ṣòfò.

Nígbà tí ó kú, Abdullāh ṣírò gbèsè náà, ó jẹ́ 2,200,000 dírámù. Bàbá rẹ̀ kò fi owó sílẹ̀. Ilẹ̀ àti ilé ni ó fi sílẹ̀: ilẹ̀ Ghābah, ilé 11 ní Mẹ̀dínà, méjì ní Basra, ọ̀kan ní Kūfa àti ọ̀kan ní Íjíbítì. Hakīm ọmọ Hizām bi í léèrè iye gbèsè náà. Abdullāh kọ́kọ́ fi í pamọ́, ó ní 100,000 ni. Hakīm ní òun kò rò pé dúkìá wọn lè ká èyí pàápàá. Ìgbà náà ni Abdullāh sọ iye rẹ̀ gan-an, Hakīm sì ní bí apá wọn kò bá ká a, kí wọ́n wá bá òun fún ìrànlọ́wọ́.

Abdullāh kéde pé kí gbogbo ẹni tí Zubayr jẹ lówó wá bá òun ní Ghābah. Ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ rà ní 170,000 ni wọ́n dá iye lé ní 1,600,000, ó sì ń gé e tà. Abdullāh ọmọ Ja‘far, tí wọ́n jẹ ní 400,000, ní bí wọ́n bá fẹ́, òun yóò fi jì wọ́n. Ọmọ Zubayr kọ̀. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n fi tirẹ̀ sí ẹ̀yìn. Ó tún kọ̀. Ó wá gba ìwọ̀n ilẹ̀ tí ó tó owó rẹ̀. Nígbà tí gbèsè tán, àwọn ọmọ ìyókù ní kí a pín ogún. Abdullāh ní ó di ẹ̀yìn ọdún mẹ́rin, nítorí òun yóò máa kéde ní àkókò Haji lọ́dọọdún pé kí ẹni tí bàbá òun bá jẹ lówó jáde wá. Ìgbà tí ọdún mẹ́rin pé ni ó tó pín in.

Ẹ wo ọ̀nà tí ó gbà: ó ṣírò gbogbo rẹ̀, ó pe àwọn olówó jọ, ó ta ohun tí ó ṣeé tà, kò sì jẹ́ kí ogún ṣíwájú gbèsè. Ìgbà tí ó sọ iye tòótọ́ ni ó rí ẹni tí ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

BÍ A ṢE Ń ṢE ÈTÒ SÍSAN GBÈSÈ

Ìkíní: Kí onígbèsè kọ gbogbo gbèsè rẹ̀ sílẹ̀: orúkọ olówó, iye owó àti ọjọ́ tí ó yẹ kí ó san án. Kí ó má fi ọ̀kankan pamọ́, kì báà ṣe fún ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀.

Ìkejì: Kí ó kọ iye tí ń wọlé fún un lóṣù, kí ó yọ ohun tí ilé kò lè ṣe aláìní: oúnjẹ, owó ilé, owó iléèwé, owó ọkọ̀ àti oògùn. Aṣọ ẹgbẹ́jọdá kò sí nínú rẹ̀. Ìnáwó wòlímọ̀ tí ó ju agbára lọ kò sí nínú rẹ̀.

Ìkẹta: Bí ó bá ní ohun tí ó ṣeé tà, kí ó tà á kí gbèsè lè fúyẹ́.

Ìkẹrin: Kí ó lọ bá àwọn olówó rẹ̀ kí ọjọ́ àdéhùn tó pé, kí ó má dúró de ìgbà tí wọn yóò wá kan ilẹ̀kùn. Kí ó sọ fún gbogbo wọn, kí ó má máa san fún ẹni tí ó ń pariwo kí ó sì gbàgbé ẹni tí ó ń ṣe sùúrù.

Ìkarùn-ún: Kí ó pín owó tí ó kù fún wọn bí gbèsè olúkúlùkù ṣe tó. Báyìí náà ni àwọn onímọ̀ mọ́síhábù Ìmáàmù Mālik, tí à ń tẹ̀lé ní ilẹ̀ wa, ṣe sọ nípa ẹni tí gbèsè bo dúkìá rẹ̀: kí àwọn olówó pín in ní ìwọ̀n ohun tí wọ́n jẹ olúkúlùkù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ṣe àpẹẹrẹ. Kí a sọ pé ìyá aláta kan jẹ ẹni tí ń kó ọjà fún un ní ₦300,000, ó jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ₦180,000, ó sì jẹ aládùúgbò rẹ̀ ní ₦120,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦600,000. Lóṣù, ₦110,000 ni ó ń kù sí i lọ́wọ́ lórí ọjà, ilé sì ń gba ₦80,000. Ó ku ₦30,000. Kí ó má ṣèlérí gbogbo ₦30,000 náà, nítorí àìsàn ń bẹ, ọjà a sì máa kùtà. Kí ó fi ₦5,000 sílẹ̀, kí ó máa san ₦25,000: ₦12,500 fún olọ́jà, ₦7,500 fún alájẹṣẹ́kù, ₦5,000 fún aládùúgbò. Láàárín oṣù 24, gbogbo wọn yóò gba owó wọn tán ní ọjọ́ kan náà.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé oṣù 24 ti pẹ́ jù. Kí ó rántí Barīrah, ẹrúbìnrin tí ó bá àwọn olówó rẹ̀ ṣe àdéhùn òmìnira rẹ̀ ní úkíyà 9, úkíyà kan lọ́dọọdún. Ọdún mẹ́sàn-án ni ètò náà, kí ìyá wa Ā’ishah tó ràn án lọ́wọ́ láti san gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ìkẹfà: Kí wọ́n kọ àdéhùn náà sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kí olówó sì máa fọwọ́ sí ìwé ní gbogbo ìgbà tí ó bá gba owó. Bí oṣù kan bá ṣòro, kí onígbèsè tètè wá sọ.

Ìkeje: Kí ó má jẹ gbèsè tuntun. Àwọn àgbà ní bí a bá fẹ́ kí èkuru tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo mọ́.

OJÚṢE OLÓWÓ

Olówó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó rẹ̀. Ànábì wa sọ pé àbòsí ni kí ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́ máa fi sísan gbèsè falẹ̀. Àwọn àgbà sì ní ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ọ̀nà ẹgbèje. Ṣùgbọ́n bí onígbèsè bá wà nínú ìnira tòótọ́, Ọlọ́hun pàṣẹ nínú Sūratul Baqarah, āyà 280, pé kí a dúró dè é títí ìdẹ̀ra yóò fi dé; bí a bá sì fi tọrẹ fún un, ó dára jù fún wa.

Ka‘b ọmọ Mālik ń béèrè owó lọ́wọ́ ọmọ Abū Hadrad nínú mọ́sáláṣí, ohùn wọn sì lọ sókè. Ànábì ṣí aṣọ ìkélé yàrá rẹ̀, ó fi ọwọ́ júwe fún Ka‘b pé kí ó yọ ìdajì. Ka‘b gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ànábì wá ní kí èkejì dìde kí ó lọ san ìyókù. A rí i pé bí olówó ti ń dín in kù, bẹ́ẹ̀ ni onígbèsè ní láti dìde kí ó san án.

Èyí tí ó jẹ́ haráámù ni kí olówó fi kún owó rẹ̀ nítorí pé ó fún onígbèsè ní àyè. Èlé àwọn ará ìgbà àìmọ̀kan nìyẹn. Ní Haji Ìdágbére, ní ọdún 10 lẹ́yìn Hijra, Ànábì fagi lé gbogbo rẹ̀, èlé Abbās tí í ṣe àbúrò bàbá rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ fagi lé. Àwọn bàbá wa náà mọ ìyà èlé. Láyé ìwọ̀fà, ènìyàn yóò máa ṣiṣẹ́ nínú oko ẹni tí ó yá a lówó, ojú owó kò sì ní dín kù, nítorí pé iṣẹ́ náà ni èlé. Ọ̀pọ̀ owó tí à ń yá lórí fóònù lónìí kò yàtọ̀ sí i, wọ́n a sì tún máa ránṣẹ́ sí ẹbí àti ọ̀rẹ́ onígbèsè láti dójú tì í. Ní ọdún 2022, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà, ṣe ìlànà fún àwọn tí ń yáni lówó bẹ́ẹ̀. Bákan náà, Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gba kí ọlọ́pàá mú ènìyàn kìkì nítorí pé kò mú àdéhùn owó ṣẹ. Nítorí náà, kí olówó má sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Kí ó pe àwọn àgbà mọ́sáláṣí sí i.

BÍ KÒ BÁ ṢEÉ ṢE ŃKỌ́?

Ọkùnrin kan ra èso ní ayé Ànábì, àdánù bá a, gbèsè sì pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ànábì ní kí àwọn ènìyàn ṣe sàráà fún un. Wọ́n ṣe é, kò tó. Ó wá sọ fún àwọn olówó pé kí wọ́n gba ohun tí wọ́n bá rí, kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ fún wọn. Onígbèsè sì wà nínú àwọn ìpín mẹ́jọ tí Ọlọ́hun ní kí a fún ní sàká nínú Sūratut Tawbah, āyà 60. Ẹ̀yin jàmáà, bí a bá ń pín sàká, ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé wọn. Ẹni tí kò bá sọ fún wa, báwo ni a óò ṣe mọ̀?

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín owó tí a fi pamọ́ sí ọwọ́ ẹni àti owó tí a yá?
2. Ọdún mélòó ni ọmọ Zubayr fi kéde kí ó tó pín ogún?
3. Ẹnì kan jẹ gbèsè ₦40,000 àti ₦60,000, ó sì lè san ₦10,000 lóṣù. Èló ni yóò máa san fún olúkúlùkù? Oṣù mélòó ni yóò fi tán?
4. Kí ni ó kan olówó láti ṣe bí onígbèsè bá wà nínú ìnira?

Kí Ọlọ́hun bá wa san gbèsè ọrùn wa, kí ó fún onígbèsè wa ní òdodo, kí ó fún olówó wa ní àánú, kí ó má jẹ́ kí a gbé gbèsè ẹnikẹ́ni wọ sàréè. Áàmín.